Sarki ti kú, ṣé èmi ni mo pa á? Ìdáhùn fún ìyá kan ní Kubwa tó pàdánù ológbò rẹ̀ tó ní ìtọ̀ ṣúgà

Lẹ́tà yìí gùn, mo gé e kúrú díẹ̀: "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mò ń gbé, mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọdún 3 sẹ́yìn, òyìnbó kan tí a jọ ṣiṣẹ́ rí ń padà sílùú ẹ̀, ó wá fi ológbò ẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Sarki lorúkọ ẹ̀, akọ ni, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ọmọ ọdún 11 ni nígbà yẹn. Kò pẹ́ tó dé la rí i pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà, mo sì ń gún un ní insulin, oògùn tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́ látìgbà náà. Oṣù tó kọjá wọ́n mú iná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin, mo ń ra yìnyín sínú fíríìjì torí insulin yẹn. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Sarki ò jẹun mọ́, ó ń bì. Láàárọ̀ tó kẹ́yìn ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ṣúgà ẹ̀ ka 260, mo fún un ní ìdajì oògùn ẹ̀ torí pé kò jẹun. Ní kílíníìkì wọ́n ní kíndìnrín ẹ̀ ti bàjẹ́, wọ́n ní ká fún un lábẹ́rẹ́ tó máa fi lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ò padé, ó tún mí kanlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ní ó ti kú. Àbúrò mi ní owó ló sú mi ná. Màmá mi ní kí n dúpẹ́ pé ó gba ikú orí mi. Mo sùn fọnfọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, látàárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo ti ń sunkún. Ṣé èmi ni mo pa á?"

Ẹ kú ará fẹ́ra kù, mà. Mo ka lẹ́tà yín, mo padà kà á, mo tún wo fọ́tò èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí. Mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbọ́ ìdáhùn: ẹ̀yin kọ́ lẹ pa Sarki. Kì í ṣe pé mo kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dídùn rẹ̀ yín lẹ́kún o, ohun tẹ́ ẹ fúnra yín kọ ló fi hàn bẹ́ẹ̀, màá sì mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò fọwọ́ kan Sarki rí, ẹnikẹ́ni ò sì yẹ inú òkú ẹ̀ wò, torí náà àwọn ibì kan wà tí mi ò ní lè búra sí, tí mo bá débẹ̀ màá sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ iná, torí mo rí i pé òun ló ń jẹ yín lọ́kàn jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé tí insulin bá ti kúrò nínú òtútù, májèlé ló dà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ńṣe ni agbára ẹ̀ máa ń dín díẹ̀díẹ̀, kì í yí padà di ohun tó ń pa ẹranko. Èyí tí a ò tíì ṣí, inú òtútù 2 sí 8 Celsius ló yẹ kó wà, ṣùgbọ́n glargine, irú insulin tẹ́ ẹ kọ pé ẹ ń lò yẹn, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tó wà nínú páálí ẹ̀ pé tí wọ́n bá ti ṣí i, ó lè wà níta fún ọjọ́ 28 tí ibẹ̀ ò bá ti gbóná kọjá 30. Àwa tí à ń gbé Àbújá mọ̀ pé yàrá máa ń gbóná kọjá 30 dáadáa ní oṣù kẹta sí oṣù kẹrin kí òjò tó dé, torí náà ó ṣeé ṣe kí agbára oògùn yẹn ti dín díẹ̀ lóòótọ́. Yìnyín tẹ́ ẹ rà sí i ràn yín lọ́wọ́, níwọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ ti fi aṣọ wé ìgò náà tí kò kan yìnyín ní tààrà (èyí wà fún àwọn míì tó ń kà á náà: insulin tó bá dì, ó ti bàjẹ́ pátápátá nìyẹn, ẹ dà á nù). Tó bá sì jẹ́ pé insulin ló sọ agbára ẹ̀ nù, ohun tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ rí ni pé ṣúgà Sarki á fò sókè, òǹgbẹ á máa gbẹ ẹ́, iyanrìn tó ń tọ̀ sí á máa rin gbingbin, gbogbo ẹ̀ á sì ti ń ṣẹlẹ̀ kó tó di pé kò jẹun mọ́. Kò sí èyí nínú lẹ́tà yín. Ẹ kọ pé oúnjẹ ló kọ́kọ́ kọ̀, pé ó ń lọ síwájú abọ́, á gbóòórùn ẹ̀, á wá yíjú kúrò, pé ẹnu ẹ̀ ń rùn. Ìyẹn ò jọ ti insulin tó rọ̀, ti kíndìnrín ló jọ.

Ìdajì oògùn ńkọ́? Ohun tí èmi náà ìbá ní kẹ́ ẹ ṣe nìyẹn tẹ́ ẹ bá pè mí láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ológbò tí kò jẹun, a kì í gún un ní gbogbo insulin ẹ̀, torí tí oúnjẹ ò bá wọlé, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ débi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa yẹ̀, tí á máa gbọ̀n, gìrì tiẹ̀ lè mú un. A kì í sì í kàn ṣàdédé dá a dúró pátápátá náà, torí ara tí ò bá rí insulin rárá á bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá tiẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á wá kún fún ásíìdì, òun ló sì ń pa ọ̀pọ̀ ológbò tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí wọn ò tọ́jú. Ẹ̀yin gba àárín méjèèjì kọjá, ẹ tún yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó gún un. Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nípa àwọn ẹ̀rọ tí à ń rà ní fámásì yẹn, èèyàn ni wọ́n ṣe é fún, tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ológbò ó sábà máa ń kà á kéré sí bó ṣe wà gan-an. Torí náà 260 tẹ́ ẹ rí yẹn, ó ṣeé ṣe kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí bí ìdajì oògùn ṣe máa fa irú ìyẹn wálẹ̀ débi tó máa pa á láàárín wákàtí mélòó kan tẹ́ ẹ fi dé kílíníìkì, ẹ̀yin náà ò sì kọ pé ó gbọ̀n tàbí pé gìrì mú un.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí kíndìnrín. Creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kí kíndìnrín máa yọ dànù, lé ní 9 nínú èsì tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Nínú ìwọ̀n táwa dókítà ẹranko fi ń pín àìsàn kíndìnrín ológbò sí ìpele ìpele, èyí tó bá ti kọjá 5 ti wà ní ìpele kẹrin, kò sì sí ìpele karùn-ún. Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí pé ṣebí ó ń tọ̀ dáadáa, báwo ni kíndìnrín ẹni tó ń tọ̀ á ṣe bàjẹ́? Ibẹ̀ gan-an ni àìsàn yẹn ti ń tan gbogbo wa jẹ. Kíndìnrín tó ń kú lọ ò lè dá omi padà sára mọ́, kàkà kí ìtọ̀ dín ńṣe ló máa ń pọ̀ sí i, ẹranko á máa mumi ṣáá, á sì máa rù. Ẹ wá wo àmì ìtọ̀ ṣúgà: ìtọ̀ pípọ̀, omi mímu, rírù. Aṣọ kan náà làwọn àìsàn méjèèjì wọ̀, ọ̀kan á wá fara pa mọ́ sẹ́yìn èkejì, èyí tí a mọ̀ là ń bá jà láàárọ̀ lálẹ́ tí èyí tí a ò mọ̀ ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Kíndìnrín kì í sì í tètè ké, ó máa ń tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹ̀ tó ti bàjẹ́ kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn. Ẹ tún kọ ohun kan tí mo dúró lé lórí gan-an, pé ní bí oṣù méjì ṣáájú, ṣúgà ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ fúnra ẹ̀ débi pé dókítà yín ní kẹ́ ẹ dín oògùn kù, tí inú yín dùn pé ara ẹ̀ ti ń yá. Kíndìnrín wà lára ohun tó ń bá ara palẹ̀ insulin mọ́, tó bá ti ń bàjẹ́, insulin á máa pẹ́ lára ju bó ṣe yẹ, ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ á wá pọ̀ jù fún un. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tẹ́ ẹ rí nìyẹn. Kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè mọ̀ nínú ilé yín.

Ibi tí mi ò ti lè búra nìyí: ológbò tó ń bì fún ọjọ́ mélòó kan omi ara ẹ̀ á gbẹ, ìyẹn nìkan sì lè fi kún creatinine, torí náà mi ò mọ iye tó jẹ́ ti kíndìnrín àti iye tó jẹ́ ti omi tó gbẹ nínú 9 yẹn. Ó sì lè jẹ́ pé pancreas, tó jẹ́ ibi tí insulin ti ń wá nínú ara, wú pẹ̀lú, ó wọ́pọ̀ nínú àwọn ológbò tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Àmọ́ kò sí èyí tó padà sórí abẹ́rẹ́ yín nínú gbogbo ẹ̀. Ká ní wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò kíndìnrín yẹn ní oṣù mẹ́fà ṣáájú ńkọ́? A lè ti yí oúnjẹ ẹ̀ padà, ká máa wọn ìfúnpá ẹ̀, ká máa fún un lómi sábẹ́ awọ nílé, ó ṣeé ṣe kó lo oṣù díẹ̀ sí i. Kò ní wo kíndìnrín tó ti kú sàn. Ológbò ọmọ ọdún 14 ni Sarki, tí a bá fi wé ti èèyàn, ẹni bí ọdún 72 ni.

Ìtọ̀ ṣúgà yẹn fúnra ẹ̀ ò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ jáwọ́ nínú bùrẹ́dì tẹ́ ẹ ní ẹ máa ń já fún un yẹn, kì í ṣe bùrẹ́dì. Akọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, tó sanra, tó ti dàgbà, tí kì í jáde nílé, irú wọn gan-an ni àìsàn yìí máa ń mú jù. Ẹran ni Ọlọ́run dá ológbò láti máa jẹ, oúnjẹ gbígbẹ inú àpò tí wọ́n fi ń bọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn látàárọ̀ dalẹ́ sì kún fún ohun tó ń di ṣúgà, wọ́n á máa jẹ ẹ́ wọ́n á máa sanra, insulin inú ara ò wá ní lè ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́. Nínú ìwé àjẹsára tí òyìnbó yẹn fi sílẹ̀, ẹ ní wọ́n kọ ọ́ pé wọ́n gún un ní steroid lọ́pọ̀ ìgbà torí ara yíyún. Ìyẹn náà máa ń ti ológbò sínú ìtọ̀ ṣúgà, mi ò sọ pé òun ló ṣe é, mò ń sọ pé ìdí pọ̀ tó ti wà nílẹ̀ kó tó wọ ilé yín. Nígbà tẹ́ ẹ rí i tó ń fi gìgísẹ̀ ẹ̀yìn tẹlẹ̀, tẹ́ ẹ rò pé ọmọ àdúgbò kan ló nà án, iṣan ẹsẹ̀ ẹ̀ ni ṣúgà ti bà jẹ́, ó máa ń gba àkókò kó tó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ rí èèrà tó ṣù bo ìtọ̀ ẹ̀, ẹ̀yin lẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Àti pé ẹni tó sọ fún yín pé ìtọ̀ ṣúgà ológbò ẹ̀ "lọ pátápátá", òótọ́ lè ni o, àwọn kan wà tí wọ́n á kúrò lórí insulin pàápàá tí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé àwọn tó ni wọ́n ò sapá tó.

Ẹ jẹ́ kí n wá dúró dáadáa lórí abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, torí mo mọ̀ pé ohun tẹ́ ẹ fojú rí yẹn ni kì í jẹ́ kẹ́ ẹ sùn báyìí, ó sì ń dùn mí pé kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ẹ̀ fún yín kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ méjì ni wọ́n sábà máa ń lò. Àkọ́kọ́ máa ń mú ẹranko sùn wọra, kò ní mọ nǹkan kan mọ́, kò ní gbọ́ ìrora. Lẹ́yìn tó bá ti sùn jinlẹ̀ ni wọ́n á tó gún èkejì sínú iṣan ẹ̀jẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti rí pentobarbital, oògùn oorun tó le gan-an, òun ni wọ́n á lò, níbi tí wọn ò bá ti rí i, oògùn míì wà tó ń dá ọkàn dúró, èyí tí wọn ò gbọ́dọ̀ fún ẹranko tí kò tíì sùn jinlẹ̀. Ojú tí ò padé yẹn, gbogbo wọn ló máa ń rí bẹ́ẹ̀, torí iṣan ara ló ń pa ìpéǹpéjú dé, tí ẹ̀mí bá ti lọ, iṣan á rọ̀, ojú á wà bó ṣe wà. Mímí kanlẹ̀ tẹ́ ẹ rí yẹn, kì í ṣe Sarki ló ń wá èémí. Lẹ́yìn tí ọpọlọ bá ti dákẹ́, tí ọkàn ti dúró, àwọn iṣan àyà ṣì lè sún kì fúnra wọn lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, nígbà míì ìtọ̀ náà á dà, ara lè ta kìjí. Ẹ kọ pé dókítà fọwọ́ kan ẹyinjú ẹ̀ tí kò ṣẹ́jú, pé ó fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà ẹ̀ títí kó tó sọ fún yín. Bó ṣe yẹ kó ṣe é nìyẹn. Sarki ò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tẹ́ ẹ rí mímí yẹn, mà, ó ti lọ pẹ̀lú ọwọ́ yín lórí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó tí àbúrò yín sọ, mi ò fẹ́ ká ṣe bí ẹni pé owó ò sí nínú ẹ̀. Látìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023 ni owó insulin ti ga ju ohun tí ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì lè fi ẹ̀rín rà, ẹ̀yin sì ń rà á. Ohun méjì míì ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àkọ́kọ́, wọ́n lè dá a dúró sí kílíníìkì, kí wọ́n fa omi sí i lára tọ̀sán-tòru, kí wọ́n máa yẹ ṣúgà ẹ̀ wò ní wákàtí méjì méjì, kí wọ́n máa wo potassium, ìyẹn iyọ̀ kan nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo kílíníìkì ẹranko l'Ábújá ló ní ẹni tó ń jókòó ti ẹranko mọ́jú, ìrìn Kubwa sí ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada kì í sì í ṣe ìrìn kékeré fún ológbò tó ń bì. Mo mọ àwọn tó yan ọ̀nà yẹn, mi ò bá wọn wí, nígbà míì ẹranko á gbádùn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Pẹ̀lú creatinine tó lé ní 9, ìtọ̀ ṣúgà àti ọjọ́ orí ẹ̀, ohun tí mò ń rò pé owó yẹn ìbá rà ni ọjọ́ mélòó kan nínú àgò, láàárín àwọn tí kò mọ̀. Èkejì ni kẹ́ ẹ gbé e padà sílé kó kú fúnra ẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òun ló bá Ọlọ́run mu. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ yẹn, ṣùgbọ́n mo ti rí ikú kíndìnrín: inú rírìn láìdáwọ́ dúró, egbò lẹ́nu, gìrì, ó sì lè gba ọjọ́ púpọ̀. Ká ní èmi ni mo wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ yẹn ni èmi náà ìbá gbà yín nímọ̀ràn sí, kódà ká ní owó wà nílẹ̀ bí iyanrìn.

Oorun tẹ́ ẹ sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ má fi ṣe ẹ̀sùn fún ara yín. Ẹni tó ti ń jí ní aago mẹ́fà àárọ̀ lójoojúmọ́ láti gún abẹ́rẹ́, tí kò lè lọ síbi òkú tàbí ìgbéyàwó nílé kó sùn síbẹ̀ torí ti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tó ń fetí sílẹ̀ lóru bóyá ó ń bì, ara ẹni bẹ́ẹ̀ ti rẹ̀ gan-an. Ìtura àti ìbànújẹ́ máa ń wọlé pọ̀ ni, mo rí i lára àwọn tó tọ́jú òbí tó ṣàìsàn pẹ́ náà. Ìdí tó fi dà bíi pé ẹ̀ ń sunkún Sarki ju àwọn èèyàn kan lọ nìyẹn, torí kò sí èèyàn kan nínú àwọn yẹn tí ẹ̀mí ẹ̀ wà lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ti màmá yín, ẹ má bá wọn jà. Ọ̀nà tí àwọn àgbà wa ń gbà tu èèyàn nínú ni, wọ́n ń sọ pé inú àwọn dùn pé ẹ̀yin wà láàyè. Ẹ lè ṣe àmín sí àdúrà wọn kẹ́ ẹ sì máa sunkún yín lọ. Mo ṣàkíyèsí pé nínú gbogbo èèyàn tẹ́ ẹ dárúkọ, mai-guard yín tó jẹ́ ọmọ Katsina nìkan ló wá jókòó tì yín tó kí yín bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ṣọ̀fọ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Níhà Àríwá níbí wọ́n mọyì ológbò, Mùsùlùmí tó mọ hàdíìsì mọ̀ pé Ànábì ní kì í ṣe ohun ẹlẹ́gbin, ó wà lára àwọn tó ń rìn yí wa ká nínú ilé, nígbà tó jẹ́ pé nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, tí kò bá jẹ́ torí eku, àjẹ́ ni wọ́n á fi pè é. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ Sarki, ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn ni kẹ́ ẹ lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àbúrò yín, ó kéré tán fún ìsinsìnyí. Tó bá wá di pé ẹ ò jẹun, tẹ́ ẹ ò sùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, dókítà èèyàn ló kù o, mi ò ní agbára lórí ìyẹn.

Insulin tó ṣẹ́kù, ẹ má fún aládùúgbò tó ní ìtọ̀ ṣúgà, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó, torí ẹ ò mọ bí ooru ṣe bá a jà, ẹlòmíì á sì fi ẹ̀mí ara ẹ̀ gbára lé e. Ẹ kó àwọn sírínjì tẹ́ ẹ ti lò sínú ike tó le bíi ti ọṣẹ olómi tí a fi ń fọṣọ, ẹ dé e pa, ẹ gbé e lọ fún kílíníìkì, kí abẹ́rẹ́ má bàa gún àwọn ọmọ tó ń ṣa bọ́là. Ológbò kékeré tẹ́ ẹ ní nínú ilé, kò lè kó ìtọ̀ ṣúgà lára Sarki, àìsàn yìí kì í ràn, ẹ̀yin náà ò lè kó o. Ọmọ ológbò tí ọ̀rẹ́ yín ní Wuse fẹ́ fún yín, kò sí òfin kankan lórí ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ gbà á, gbígbà á kì í ṣe ìwà ọ̀dàlẹ̀ sí Sarki, kíkọ̀ ọ́ náà kì í ṣe àìmoore. Èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ dúró ná títí aago mẹ́fà á fi kọjá lára yín láìsí pé ẹ dìde lọ síbi fíríìjì. Tẹ́ ẹ bá gbà á, ẹ jẹ́ kó gba àjẹsára dìgbòlugi tó bá pé oṣù mẹ́ta, ẹ máa fi ẹja àti ẹran kún oúnjẹ inú àpò ẹ̀, ẹ máa gbé e sórí òṣùwọ̀n kẹ́ ẹ sì máa kọ bó ṣe wúwo tó sílẹ̀. Èyí tó wà nílé báyìí, tó bá ti lé lọ́dún 7, ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi ti kíndìnrín kún un.